Igi ẹran mẹ́wàá fún ẹnì kan

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo ya àwòrán oúnjẹ mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé lórí WhatsApp: sàté, irú sùyà tí wọ́n ń jẹ ní Singapore níbí, igi mẹ́wàá, ọbẹ̀ ẹ̀pà nínú àwo kékeré, àlùbọ́sà tútù, kùkúḿbà, àti ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ inú ewé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni níbí, aago kan ọ̀sán ni n'Ìbàdàn. Kíá ni àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ti fèsì: "Ọmọ Singapore, jayé lọ! Igi mẹ́wàá fún ẹnì kan! Àwa tí à ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ẹran nínú ọbẹ̀ ńkọ́?" Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹ̀rín sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi. Àǹtí mi ò mọ̀ pé onísàté yẹn kì í tà tí kò bá pé igi mẹ́wàá. Ẹni tó gbé òfin yẹn kalẹ̀ ò rò ó pé èèyàn lè dá wá jẹ ẹ́.

Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti wà níbí. Ní Tuas, àdúgbò ilé iṣẹ́ níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lára ọkọ̀ òkun wò. Boon Lay ni mo ń gbé.

Ní ti ẹran fúnra rẹ̀, n ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ kúkú mọ sùyà. Sàté kéré sí i, ó ní ṣúgà lára, ata ilẹ̀ pupa sì sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀pà tí àbókí ń lọ̀ mọ́ yájì, ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń sè níbí. Ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní nasi lemak, omi àgbọn ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n á fi ẹja wẹ́wẹ́ díndín, ẹyin àti ata díndín sí i. Ẹni tó bá mọ ata ọ̀fadà á mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n.

Ibi tí wọ́n ti ń tà á ló yàtọ̀. Ojú títì làwọn olóúnjẹ wọ̀nyí wà tẹ́lẹ̀, bíi tiwa. Láàárín ọdún 1971 sí 1986 tàbí bẹ́ẹ̀, ìjọba kó wọn wọ abẹ́ òrùlé ńláńlá tó ní omi ẹ̀rọ àti ibi ìdalẹ̀nù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, UNESCO kọ àṣà náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Nílé, wọ́n á lé ìyá olóúnjẹ kúrò lójú títì, wọ́n á fọ́ ìkòkò rẹ̀, ó parí. Ibo ló fẹ́ lọ? Wọn ò ní í sọ.

Ṣùgbọ́n jíjókòó jẹun gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí o bá dá wá, wàá kọ́kọ́ fi tíṣù kékeré kan sórí tábìlì, kí o tó lọ tò láti ra oúnjẹ. Wọ́n ń pè é ní "chope." Tíṣù yẹn ló ń bá ọ ṣọ́ àga, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Nílé, èèyàn ló ń bá èèyàn ṣọ́ àga. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, ọkùnrin kan wá jókòó sí iwájú mi, torí kò sí àyè níbòmíì. Oúnjẹ ti wà lẹ́nu mi. Mo ní kó wá jẹun. Ó wo ojú mi, ó wo àwo mi, ó wá rọra fa tirẹ̀ sún mọ́ra. Bóyá ó rò pé mo fẹ́ ta nǹkan fún òun ni. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún pé a kì í dákẹ́ tí èèyàn bá bá wa nídìí oúnjẹ? Pé èèyàn gbọ́dọ̀ sọ pé "ẹ bá mi ire o," kí ẹnìkejì sì dáhùn pé "á gba ibi ire," bí kò tiẹ̀ ní í tọ́ òkèlè kan wò? Látìgbà yẹn, inú ni mo ti ń sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n inú ni.

Tí o bá jẹun tán, ìwọ náà ni wàá gbé àwo rẹ padà. Ti àwa Mùsùlùmí ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni gbígbé àwo padà ti di òfin: ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn 300 dọ́là Singapore lè tẹ̀ lé e. Mo gbàgbé nígbà kan, mo dìde bí ẹni tó wà ní búkà. Ìyá kan tó dàgbà ju màmá mi lọ ló wá ń kó o. Ojú tì mí, mo sáré lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bínú sí mi: mo ń dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ pé irú rẹ̀ ò sí nílé, pé ìyá àgbà ò gbọdọ̀ máa nu tábìlì. Àmọ́ mo rántí ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ìkòríta wa. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́.

Àǹtí mi ọ̀hún, àti àwọn ẹ̀gbọ́n, kí n máa bọ̀ nílé ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ibi tí èèyàn ò ti rẹ́ni bá jẹun, kí ló ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Onísàté mi, ẹ̀yà Màléè ni, sàlámù la fi ń kí ara wa, "Pakcik" ni mo sì ń pè é bí àwọn ọmọ tirẹ̀ ṣe ń pe àgbàlagbà. Kò fi ènì sí i fún mi rí. Igi mẹ́wàá ni igi mẹ́wàá, á kà á lójú mi. Ó kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Ní báyìí, ó ti wá ń tù mí lára, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ka owó oṣù mi: ó ń pé, ó ń dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn nílé, owó oṣù márùn-ún ni wọ́n jẹ mí tí mo fi kúrò. Lóòótọ́, a máa ń pọ̀ nídìí ìyá olóúnjẹ nígbà yẹn, a ó jọ máa yọ ṣàkì nínú abọ́ ara wa, ariwo á sọ. Ẹ rántí pé àwìn ni gbogbo wa jọ ń jẹ. Ìwé gbèsè ìyá yẹn nípọn ju ìwé àdúrà lọ, orúkọ mi sì wà ní ojú ewé tó ju ẹyọ kan lọ. Nínú owó tí mo kọ́kọ́ gbà ní Tuas ni mo ti san án.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi ọdún méjì kún ìwé iṣẹ́ mi. Mo ti buwọ́ lù ú. Àǹtí mi ò tíì gbọ́. Tí Iléyá bá kọjá, mo máa sọ fún wọn. Lónìí náà mo tún ra igi mẹ́wàá, mo jẹ mẹ́fà, mo ní kí Pakcik bá mi di mẹ́rin tó kù. N ò ya àwòrán.