Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Ajé ní Florence

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tẹ fóònù kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó kúrò ní London lọ sí Florence, ní Ítálì. Mo wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí kò wọ́n, mo wá yàrá tó sún mọ́ ibùdó reluwé, mo tiẹ̀ wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn níbi tí à ń lọ gan-an ni mi ò wò.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la dé, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa padà. Ọjọ́ Ajé nìkan ló kù fún wa ní odindi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ a ti wà níwájú Uffizi, ilé àwòrán ńlá ìlú náà, ilẹ̀kùn tì gbọin. Uffizi kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Accademia, ilé iṣẹ́ ọnà kejì, níbi tí ère Dáfídì wà, òun náà kì í ṣí.

Àǹtí mi wò mí títí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi tẹ fóònù yẹn o."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó ka owó. Ẹ mú ohun méjì péré, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ láti ilé, lórí ìkànnì ibẹ̀ gan-an, torí àwọn alágbàtà ń lé owó lé e. Èmi rò pé a máa ra ti òrùlé rìbìtì pupa orí kàtídírà lẹ́nu ọ̀nà. Brunelleschi, ẹni tó yàwòrán òrùlé náà tó sì kọ́ ọ, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1420, ó parí ní 1436. Àtẹ̀gùn 463 ni, kò sí lífútì, aago tí wọ́n bá kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì yín lẹ máa gùn ún. Ti ọjọ́ yẹn ti tán pátápátá. Inú kàtídírà fúnra rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀, ìlà ló gùn. Nígbà tó kàn wá, ẹ̀ṣọ́ nawọ́ sí èjìká Àǹtí mi tó wà níta. Ọlọ́run ṣe é, ìborùn wà nínú báàgì wọn.

Ebi ló mú wa dúró nídìí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ti ń ta lampredotto. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín: inú màlúù ni, ọmọ ìyá ṣàkì. Wọ́n sè é rọ̀, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú búrẹ́dì roboto, wọ́n ri ìdajì búrẹ́dì náà bọ omi ẹran, wọ́n wá bi wá bóyá a fẹ́ ata. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Àǹtí mi jẹ méjì, ìbínú wọn sì rọ̀ díẹ̀.

Lálẹ́, Àǹtí mi fúnra wọn gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ti Uffizi ti tán, ṣùgbọ́n méjì kù ní Accademia fún àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ya fọ́tò pẹ̀lú Dáfídì tó wà ní Piazza della Signoria, gbàgede kan láàárín ìlú, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Àwòkọ ni o. Wọ́n ti gbé ojúlówó kúrò níbẹ̀ láti 1873. Òkúta kan ṣoṣo ni Michelangelo gbẹ́ ẹ láti ara rẹ̀, láàárín 1501 sí 1504, ó sì ga ju mítà márùn-ún lọ. Èmi ń wo ojú rẹ̀. Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n tẹjú mọ́, níbi tí iṣan ti yọ lẹ́yìn ọwọ́ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́rù sọ̀kalẹ̀.

"Wo iṣan o! Tí ti gbogbo aláìsàn mi bá rí báyìí, mi ò ní gún ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní ká máa lọ, reluwé ò ní dúró dè wá. Wọ́n ní kí n ṣì dúró ná, wọ́n sì rọra yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ń wo ọrùn rẹ̀.