Alábàárù inú ọpọlọ Màmá

Bọ̀ọ̀dá mi àgbà kò tíì gbà fún mi pé àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ló ń ṣe Màmá. Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ta adìrẹ ní Ìtòkú bí Màmá ṣe tà á, tó kọ́lé, tó rán ọmọ níwèé, kò lè ṣàì ní ọ̀tá, àwọn ọ̀tá ọ̀hún ló sì ń fi ọpọlọ rẹ̀ ṣeré. Ti ìyàwó rẹ̀ tún burú jù: ó ní ó ṣeé ṣe kí Màmá fúnra rẹ̀ "mọ nǹkan", kí nǹkan náà wá máa jẹ́wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ̀wé. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, mi ò pe ara mi ní dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Màmá, ojú ti rí i, wọ́n ti fi maikirosíkóòpù wò ó.

Ní 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen, ó ṣàlàyé ohun tó bá nínú ọpọlọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter. Ẹni ọdún 51 ni obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ọsibítù ní Frankfurt ní 1901. Ó ń gbàgbé nǹkan, ó sì ń fẹ̀sùn àgbèrè kan ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, Alzheimer rí ìdọ̀tí tó ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ó sì rí fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà gan-an. Kò rí àjẹ́ kankan níbẹ̀.

Fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni kì í yé èèyàn.

Sẹ́ẹ̀lì iṣan, irú èyí tó wà nínú ọpọlọ, ní orí, ó sì ní apá gígùn kan tó nà jáde, tí wọ́n ń pè ní axon. Èyí tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè gùn tó mítà kan, bẹ́ẹ̀ ó tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí i. Orí sẹ́ẹ̀lì yìí ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú purotéènì. Ìparí axon lọ́hùn-ún, níbi tó ti ń bá sẹ́ẹ̀lì mìíràn sọ̀rọ̀, ni wọ́n ti nílò púpọ̀ nínú rẹ̀. Ta ni yóò wá gbé e débẹ̀?

Ẹ lọ dúró sí ọjà Kútọ̀ lọ́jọ́ tí ọjà bá kún, kí ẹ wo àwọn alábàárù. Purotéènì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ náà jẹ́ ẹrù gbígbé, kinesin lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1985 ni wọ́n rí i, nínú iṣan ẹran inú òkun kan tó ń jẹ́ squid. Ó ní ẹsẹ̀ méjì tó fi ń rìn lórí ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ sínú axon, tí wọ́n ń pè ní microtubule, ẹrù á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ nanómítà 8, èyí ni pé kí ó tó rin mìlímítà kan ṣoṣo, yóò gbẹ́sẹ̀ ní ìgbà 125,000, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ agbára. Alábàárù mìíràn, dynein, ló ń kó ohun tó ti gbó padà wá sí orí sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n lè tú u palẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹrù ló ń yára. Èyí tó yára jù lè rin nǹkan bíi mìlímítà 400 lóòjọ́, ọjọ́ méjì ààbọ̀ yóò gbé e já mítà kan. Àmọ́ àwọn purotéènì kan wà tí wọ́n ń rin bíi mìlímítà kan lóòjọ́. Èyí tó bá gbéra nínú ọ̀pá ẹ̀yìn yín lónìí, ó di bí ọdún mẹ́ta kí ó tó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí lójú pátákó, ariwo ta ní kíláàsì.

Ọ̀nà náà kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Purotéènì kan tí wọ́n rí ní 1975, tau, wà lára àwọn tó ń dì í mú kí ó má tú. Nínú àrùn Alzheimer, èròjà kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì máa ń lẹ̀ mọ́ tau ju bó ṣe yẹ lọ, tau á wá jọ̀wọ́ ọ̀nà, á lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Fọ́nrán tí Alzheimer rí nìyẹn. Ọ̀nà á máa bàjẹ́, ẹrù á máa kó jọ sójú kan, ebi á sì máa pa ìparí axon. Ìparí yìí, níbi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti ń pàdé, ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí eku: nígbà tí wọ́n dín kinesin kù lára wọn, axon wọn túbọ̀ wú, ìdọ̀tí inú ọpọlọ sì pọ̀ sí i. Wíwú náà sì ti ń hàn ní ohun tó ju ọdún kan lọ kí ìdọ̀tí tó yọjú. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èwo ló ṣáájú, ọ̀nà tó dí ni tàbí ìdọ̀tí. Èmi fara mọ́ ọ̀nà.

Apá ibi tí ọpọlọ ti ń gba ìrántí tuntun wọlé ni fọ́nrán yìí sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Màmá lè sọ iye tí wọ́n ń ta búńdù aṣọ funfun nígbà tí mo wà ní pámárì, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun ti jẹun. Orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí. Ẹ wá fún un ní ìko àti aṣọ, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí aṣọ, á wé ìko mọ́ ọn, á fi eyín fà á le, á bọ́ sí ìkejì. Ìlà rẹ̀ gún. Ibòmíràn nínú ọpọlọ ni iṣẹ́ ọwọ́ wà, ó sì máa ń pẹ́ kí àrùn náà tó dé ọ̀hún.

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwa Yorùbá ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé nínú àwọn ẹni ọdún 65 sókè, bí ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ 2.52. Tiwa kéré. Kíkéré kì í ṣe àìsí, Ìdíkàn kò sì jìnnà sí wa.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a gbé Màmá lọ ní ọjọ́ orí ni, wọ́n kọ fítámì fún un. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ fún àìtó fítámì B12 àti fún ìṣòro ẹ̀yà ara inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid. Kí wọ́n bi yín bóyá ó ṣubú fi orí gbá nǹkan. Kí wọ́n wò ó bóyá ìbànújẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ìwọ̀nyí lè jọ àrùn ìgbàgbé, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti etí dídi ń dá kún àrùn náà, ẹ mójú tó wọn kí wọ́n tó pẹ́. Oògùn lecanemab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 ń kó lára ìdọ̀tí náà kúrò, ó sì ń dín ìyára àrùn náà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kò ní jí.

Ohun tó ń jọ mí lójú ni bí ìlú wa ṣe ń sá fún Aro, ọsibítù àrùn ọpọlọ tó wà níhìn-ín. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ayé wá wò ó kọ́ṣe. Àwa tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ̀rù ń bà wá kí aládùúgbò má rí wa lẹ́nu géètì.

Nílé, a kì í bá Màmá jiyàn mọ́. Bó bá bi mí bóyá wọ́n ti ti ìsọ̀, mo máa ń ní wọ́n ti tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ta ìsọ̀ náà tipẹ́. Wàhálà wa ni ìdájí, torí ó máa ń fẹ́ jáde lọ sọ́jà. A ti bá àwọn ọlọ́kadà ìta wa sọ ọ́: bó ti wù kó pàṣẹ tó, kí wọ́n má gbé e lọ Ìtòkú, ilé ni kí wọ́n dá a padà sí, èmi ni n ó san owó. Wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó tó gun ọ̀kadà, á kọ́kọ́ ná wọn, owó ìgbà Ṣàgàrí ló sì máa ń pè.