Ohun tí mo kọ sínú ìwé ikú rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi ní wọ́ọ̀dù, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún bá a nínú fáìlì kan: "Ohun tó fa ikú: lupus." Ó dùn mí wọra, torí èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí, ọdún 18 rèé.

Ẹ ti mọ ọ̀nà tí ikú ń gbà wọlé tọ àwọn tó ní lupus, àrùn tí ọmọ ogun ara fi ń dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀: kíndìnrín, àkóràn, òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó dí. Láti 1976 ni Dókítà Urowitz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ti fi hàn pé àwọn tó tètè kú, àrùn náà tó ń jà lọ́wọ́ àti àkóràn ló ń pa wọ́n. Àwọn tó pẹ́ díẹ̀, àìsàn ọkàn ni. Èkíní nìyẹn. Èkejì, ẹ máa yẹ ìtọ̀ wọn wò kí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Ìbejì.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti gbé e gba Carter Bridge wá bá wa ní Mainland. Ọmọ ọdún 29 ni. Prednisolone, oògùn tó ń lò fún lupus, ti sọ ojú rẹ̀ di rìbìtì. Ó ní oríkèé ń ro òun, oúnjẹ ò lọ. Ìgbóná ara rẹ̀ ò ju 37.6°C lọ. Mo ní lupus ló tún gbérí, mo fi kún prednisolone. Ìyá rẹ̀ fà mí láṣọ: "Dókítà, òtútù tó ń mú ọmọ mi yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ o. Mo mọ ti tẹ́lẹ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Oògùn tí mo ń fi kún yẹn gan-an ló ń bo ibà mọ́lẹ̀, òun náà ló so ọmọ ogun ara lọ́wọ́. Mi ò gba ẹ̀jẹ̀ fún culture, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, mi ò fún un ní oògùn apakòkòrò. Nígbà tó fi di ìdájí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já, ó ń mí gúlegúle. Ilẹ̀ mọ́, kò sí mọ́.

Ọ̀gá mi ní, "Kọ lupus sí i." Mo kọ ọ́. Inú mi ò tíì yọ́ sí i títí dòní, torí ọ̀rọ̀ kan yẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa lọ sùn. Lónìí tí wọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ mi, ara kò gbọdọ̀ ro onílupus kan kí á má kọ́kọ́ wá àkóràn. Mo fi ìyẹn yangàn. Ẹ má sì já prednisolone gbà lọ́wọ́ wọn lójijì o, ìyẹn náà ń pani.

Ìyá rẹ̀ ò mọ̀wé. Ó ní kí n ka ìwé náà fún òun. Mo kà á.

Ó wò mí. "Ṣebí ọdún kẹrin rèé tó ti ní in. Kí ló wá pa á lónìí?"