Etí akọ̀ ni kí ẹ wò: ìrìnàjò sí omi Lembeh

Manado ni ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí, ní àríwá Sulawesi, orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Ẹ ó wọ mọ́tò láti ibẹ̀ lọ sí Bitung, ìlú èbúté tó dojú kọ erékùṣù Lembeh. Omi tóóró tó wà láàárín wọn ni à ń lọ, láti wọmi ya fọ́tò aràn òkun kékeré kan. Iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, òkè ayọnáyèéfín ló bí i. Ẹni tó bá ń wá iyùn aláràbarà yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iyanrìn náà, kò dìgbà tí ẹ bá jìn ju mítà 20 lọ. Cerianthid ni kí ẹ wá, ìbátan òdòdó òkun tó máa ń hun akọ̀ fún ara rẹ̀. Fọ́nrán tín-ín-rín ló ń tú jáde lára, tó ń pò mọ́ ikun àti iyanrìn, títí yóò fi rí bí awọ tútù. Ọ̀pọ̀ èèyàn a ya fọ́tò ọwọ́ gígùn tó ń fì, wọn a sì kọjá lọ. Ohun tó gbé wa dé ibẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, létí akọ̀: ìdì búrọ́ọ̀ṣì dúdú kéékèèké. Phoronis australis nìyẹn, aràn òkun tí Haswell, onímọ̀ nípa ẹranko, ṣàpèjúwe ní 1883 láti èbúté Sydney, ní Ọsirélíà.

Kì í bá onílé gba ojú ihò kan náà. Inú ògiri akọ̀ ló ti ní akọ̀ tirẹ̀, orí nìkan ló ń yọ síta. Orí náà ká bí ìkarahun ìgbín lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó fi ń sẹ́ oúnjẹ nínú omi. Òkè kan náà ni ẹnu àti ihò ìdí wà, nítorí ìfun rẹ̀ lọ, ó sì tún padà. Ilé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, níbo ni yóò tún gbà? Àwọn kan máa ń pè é ní aràn oníyẹ̀ẹ́. Ẹ fẹ fọ́tò yín lójú: ọwọ́ ti oníyẹ̀ẹ́ ní ẹ̀ka bí ìyẹ́ adìyẹ, ti Phoronis kò ní ẹ̀ka rárá.

Ibi tí omi ń ṣàn lọ ni kí ẹ ti sún mọ́ ọn, kí èérí tí ẹ bá rú sókè lè gba ẹ̀yìn yín lọ. Ẹ dúró ní nǹkan bí mítà kan, ẹ to kámẹ́rà síbẹ̀, ẹ dín tọ́ọ̀ṣì kù. Ẹ má kúnlẹ̀; ẹ fi ọ̀pá irin kékeré gún iyanrìn láti fi dúró, ẹ sì ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó bá ń gbá omi sísàlẹ̀ yóò kó àmì funfun wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ bo fọ́tò ara rẹ̀. Bí cerianthid bá já wọlé lójijì, ẹ má lọ. Ayálégbé kì í bá a lọ sísàlẹ̀. Inú akọ̀ tirẹ̀ ló sá sí, yóò tún yọjú.

Lẹ́ńsì 100 mm dára ju 60 mm lọ, nítorí kò ní jẹ́ kí ẹ sún mọ́ ọn jù. Lórí kámẹ́rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/16 (ihò lẹ́ńsì), 1/200 (ìyára), ISO 200 (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí). Dúdú lórí iyanrìn dúdú ni wàhálà tó kù. Bí ẹ bá kàn fi kún fíláàṣì, ọwọ́ cerianthid yóò funfun gbòò, aràn yóò sì rí bí èédú síbẹ̀. Ẹ rẹlẹ̀, kí omi gbalasa wà lẹ́yìn rẹ̀, kí fíláàṣì kan ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ìgbà yẹn ni ẹ ó rí bó ṣe ká.

Ẹ wọ aṣọ rọ́bà tó nípọn díẹ̀. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, àmọ́ wákàtí kan lójú kan láìmira á mú èèyàn gbọ̀n. Kí wákàtí 18, ó kéré tán, wà láàárín ìwọmi ìkẹyìn yín àti ọkọ̀ òfuurufú ìpadàbọ̀.