Ilẹ̀ Àbàtà Wa Ní Kósọ̀fẹ́, Kí Wọ́n Tó Tà Á Tán

Bí ọkọ̀ bá ti gba Mile 12 kọjá tó kọrí sí Ìkòròdú, ilẹ̀ àbàtà ni ẹ óò máa rí lọ́tùn-ún lósì títí dé Májídùn. Koríko tó ga ju èèyàn lọ, ewédú àti gbúre lórí ebè tóóró, odò Ògùn tó ń wọ́ lọ sínú ọ̀sà. Ilẹ̀ tó ṣòfò ni ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ń pè é. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Inú mi máa ń bàjẹ́ ni, nítorí ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí omi gbé wa lọ ní Kẹ́tu.

Ẹ jẹ́ ká wo odò Ògùn fúnra rẹ̀. Láti òkè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìṣẹrì, Òwodé àti Àgbóyí. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú rẹ̀, orí odò Ọ̀yán yẹn sì ni dáàmù tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní 1983 wà. Bí òjò bá ti kún dáàmù náà, pàápàá láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, wọ́n á tú omi sílẹ̀, omi ọ̀hún á sì máa bọ̀ wá bá wa. Òjò lè má kán sílẹ̀ ní Kẹ́tu lọ́jọ́ náà rárá. Oòrùn lè máa ràn. Síbẹ̀ omi á gun orí àbàtà. Àbàtà á fà á mu bí gààrì tí wọ́n bomi sí, á wú, lẹ́yìn náà á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀sà. Níbi tí wọ́n bá ti fi yanrìn dí i, yàrá èèyàn ni omi yóò yà sí.

Màmá kan wà tí mo máa ń ra tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àkùrọ̀ ni wọ́n ń dá níbẹ̀ láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n mú mi dé ìdí ebè wọn. "Tíṣà, ẹ wò ó," wọ́n nawọ́ sí ògiri fẹ́ǹsì kan lọ́ọ̀ọ́kán, "nígbà tá a dé ibí, omi máa ń dé orúnkún wa, á sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibi tó lọ náà la máa gbin ẹ̀fọ́ sí, a kì í sì í ra ajílẹ̀ sí i. Àtìgbà tí wọ́n ti mọ ìyẹn, bó bá dé, kì í fẹ́ lọ mọ́." Lóru ni típà ń já yanrìn sílẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ló ta á, ẹni tó rà á sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó kó gbogbo owó àjẹmọ́nú rẹ̀ lé e lórí. N kò ní í bú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yẹ kó ti sọ fún un tipẹ́ pé ilẹ̀ omi ni, ìjọba ni.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi, ní Ìdúmàgbò, bóyá ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára nìyẹn. Ọ̀sà kékeré kan wà níbẹ̀ nígbà kan rí, ọ̀sà Ìdúmàgbò. Nígbà tí Ronald Ross fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, William MacGregor, tó jẹ́ dókítà kó tó wá ṣe gómìnà Èkó ní 1899, kọjú ìjà sí àwọn àbàtà erékùṣù náà. Wọ́n da ilẹ̀ sí i, wọ́n la kànáà tó pààlà sáàárín Èkó àti Ìkòyí, orúkọ rẹ̀ ló ṣì ń jẹ́ títí dòní. Iṣẹ́ dídí náà ń bá a lọ lẹ́yìn rẹ̀, títí ọ̀sà Ìdúmàgbò fi di títì àti ilé. N kò lè dá wọn lẹ́bi tán, ibà ń pa tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀, omi ṣì ń wá jókòó sí Ìdúmàgbò, ìjọba sì ti ní láti gbé ẹ̀rọ afami síbẹ̀ kí ó máa fà á dà sí ọ̀sà. Owó epo ni, owó àtúnṣe ni, owó òṣìṣẹ́ ni, lọ́dọọdún. Ohun tí ọ̀sà Ìdúmàgbò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni Èkó ń fi owó rà padà. Ṣé a tún fẹ́ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kósọ̀fẹ́?

Ìlú kan wà ní Íńdíà tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, Kolkata. Èrò rẹ̀ pọ̀ bíi ti Èkó, ilẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti Èkó. Àbàtà tó fẹ̀ tó héktà 12,500 wà ní ìlà oòrùn rẹ̀. Omi ìdọ̀tí ìlú ń gba kànáà lọ sínú àwọn adágún tí kò jìn. Oòrùn ń pa kòkòrò inú rẹ̀, ewéko wínníwínní inú omi ń sọ ìdọ̀tí náà di oúnjẹ, ẹja ń jẹ ewéko, omi tó kù á wá lọ sí oko ìrẹsì. Ẹja tí wọ́n ń kó níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ló dá ọgbọ́n náà. Ẹ́ńjìníà ìjọba kan, Dhrubajyoti Ghosh, ló fi ẹsẹ̀ rin ibẹ̀ káàkiri, tó jókòó ti àwọn apẹja, tó ya máàpù rẹ̀, tó sì ń pariwo létí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni ilẹ̀ yẹn ń ṣe fún ìlú. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà nìyẹn: òṣìṣẹ́ ìjọba tó kúrò lórí àga, tó lọ bi apẹja léèrè.

Nígbà tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ fẹ́ dí i, aráàlú gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ gíga, ní 1992 adájọ́ sì pàṣẹ pé wọn ò gbọ́dọ̀ yí ìlò ilẹ̀ náà padà. Ní 2002 ó wọ ìwé àwọn àbàtà tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 2006 ìjọba ìpínlẹ̀ West Bengal ṣe òfin fún un lọ́tọ̀, wọ́n sì gbé àjọ tí yóò máa mójú tó o kalẹ̀. Àwọn kan ṣì ń dí i ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, òfin wà tí a fi lè bá wọn ṣẹjọ́, ààlà sì wà tí a lè fi hàn wọ́n.

N kò sọ pé ká da ìgbẹ́ sí Àgbóyí o. Odò Ìyá Aláró ń gba Ọ̀jọ́tà kọjá pẹ̀lú omi ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà nínú rẹ̀, ẹja tó bá ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ mi jẹ. Ààlà àti òfin ni mo ń sọ.

Ìwé tí àbàtà Kolkata wọ̀ yẹn, ìlú Ramsar ní Ìráànì ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, 1971. Nàìjíríà dara pọ̀ ní 2001. Ibi 11 la ti kọ sínú rẹ̀, adágún Nguru lókè ọya wà níbẹ̀, adágún Oguta ní Imo wà níbẹ̀. Ti Èkó, ìlú tí omi bí, kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ọwọ́ ìjọba Èkó ò tó o, pé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní oṣù kìíní 2024 pé NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ojú omi abẹ́lé, ló láṣẹ lórí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú omi nìyẹn. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, orí ilẹ̀ sì ni àkùrọ̀ tí màmá yẹn ń ro wà. Mo yin ilé-iṣẹ́ àyíká Èkó fún akitiyan wọn lórí àwọn kànáà omi òjò tí wọ́n ń pè ní System 156 àti 157 ní Lẹ́kí, níbi tí wọ́n ti wó ohun tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi. Síbẹ̀, ẹkún ni ilé tí wọ́n wó máa ń dá sílẹ̀. Kí wọ́n tètè sọ ibi tí ilé kò gbọ́dọ̀ dé.

Ohun tí mo ń béèrè kò díjú. Kí wọ́n wọn ilẹ̀ àbàtà láti Ìṣẹrì dé Àgbóyí, kí wọ́n ri òpó kọnkéré mọ́ ààlà rẹ̀ kí ojú lásán lè rí i, kí Ilé Aṣòfin Èkó sì fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba ìwé ilẹ̀ lórí rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń dá àkùrọ̀ àti àwọn apẹja dúró síbẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé tí wọn yóò fi máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń lọ oko lójoojúmọ́ ló máa kọ́kọ́ rí típà. Bí wọ́n bá kó wọn kúrò tí wọ́n wá gbé sikiọ́rítì sí gèètì, ọdún méjì ò ní í pé tí ẹsitéètì yóò fi hù níbẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ SS2 ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ibi tí ẹrẹ̀ ti fa ìlà sára ògiri lẹ́yìn ìkún omi oṣù kẹwàá, ní Kẹ́tu àti ní ìsọdá Àgbóyí. A ń kọ gíga rẹ̀, a ń kọ orúkọ òpópónà, a sì ń ya fọ́tò rẹ̀. A fẹ́ kó o lọ sí Aláùsá, níbi tí ìjọba Èkó wà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé ní Òwodé, Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, bí irú ìlà ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lára ògiri yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kùn ún. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa.