Máàkì JAMB nìkan kò gbé ọmọ wọ yunifásítì

Bí èsì JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń gba àdúgbò kan: "Èló lo gbà?" Ẹni tó gba 270 á máa fò fáyọ̀, ẹni tó gba 215 á fajú ro. Nígbà tó bá fi máa di ìparí ọdún, ẹni 215 lè ti máa ra bẹ́ẹ̀dì sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí ẹni 270 ṣì máa wo fóònù láràárọ̀. Ayé kọ́ ló ṣe é. Nǹkan mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń gbé sórí òṣùwọ̀n: èsì ìwé mẹ́wàá, ìyẹn WAEC, NECO tàbí NABTEB; èsì JAMB; àti ìdánwò tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ṣe fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí post-UTME. Èsì ìwé mẹ́wàá yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé pé ó ní iye tirẹ̀ nínú ìṣirò, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó ra fọ́ọ̀mù kankan, ẹ yọ NIN rẹ̀ jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀ WAEC rẹ̀, kí ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí jáde. Òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà kò lè fọwọ́ tẹ òmíràn lé e. Bí orúkọ àbísọ bá ṣáájú orúkọ bàbá, ìyẹn kì í sábà di wàhálà. Ohun tó ń di wàhálà ni "Sherifat" níbìí àti "Sherifah" lọ́hùn-ún, tàbí ọjọ́ kẹrin oṣù keje tó di ọjọ́ keje oṣù kẹrin. Òmíràn tún ni ọmọ tí wọ́n fi ọdún méjì gé ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe NIN fún un. Ọdún 16 ni ìjọba fi lélẹ̀ fún ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ohun tí ẹ̀rọ bá rí ló sì máa gbàgbọ́. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, wọ́n ju fọ́ọ̀mù JAMB lọ, kì í sì í yá. SS2 ló yẹ kí ẹ ti ṣe é, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àtẹ̀jíṣẹ́. Ọmọ á tẹ NIN, á fi àlàfo kan sílẹ̀, á tẹ nọ́ńbà NIN rẹ̀ oní-díjíìtì 11, á sì fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Owó tó wà lórí fóònù kò gbọdọ̀ dín sí 50 náírà. Ohun tí JAMB máa dá padà ni kóòdù oní-àmì 10 tí wọ́n ń pè ní profile code. Òun ni wọ́n fi ń ra e-PIN, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, e-PIN yìí ni ọmọ á sì mú lọ sí sẹ́ńtà CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí, níbi tí wọ́n ti máa ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n á sì gba ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ fi ara balẹ̀ yan nọ́ńbà fóònù tí ẹ máa lò. Nọ́ńbà kan, ọmọ kan ni. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò lè pín in lò. Nọ́ńbà yẹn náà ló máa fi béèrè èsì, nípa kíkọ UTMERESULT ránṣẹ́ sí nọ́ńbà JAMB kan náà. Ọmọ tó lo síìmù ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, tàbí ti ẹ̀gbọ́n kan tó máa tó rìnrìn àjò, ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọ́wọ́ àlejò.

Ní sẹ́ńtà náà ni wọ́n ti máa yan kọ́ọ̀sì àti sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Use of English jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, mẹ́ta yòókù ló ń dá lórí kọ́ọ̀sì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà fi ìṣirò rọ́pò físíìsì, nítorí ó ti gbọ́ pé ìṣirò jẹ́ dandan. Òótọ́ ni, ìṣirò jẹ́ dandan fún un, ṣùgbọ́n nínú WAEC ni. Nínú JAMB, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì ń béèrè. Ti ẹnjiníà jẹ́ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ẹni tó bá fẹ́ ètò ọrọ̀ ajé kò lè sá fún ìṣirò nínú JAMB, bó ti wù kó bẹ̀rù rẹ̀ tó. Ẹni tó bá sì ń lọ fún ìmọ̀ òfin, kó má fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń béèrè rẹ̀. Kí ọmọ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, kó ka gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà jáde sókè. Òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà ń yára, ó ní ogójì ènìyàn lórí ìlà. Ojú ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí àṣìṣe.

Lórí yíyan ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ní ọdún 2025, ìpàdé tí JAMB máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi 150 ṣe máàkì tó kéré jù fún yunifásítì, 100 fún polí. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lásán nìyẹn. Ibadan, Ifẹ̀ àti UNILAG kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá tó 200 jókòó fún post-UTME wọn. Ẹni tí kò bá sì fi Ibadan tàbí UNILAG ṣe àyànfẹ́ àkọ́kọ́, kó má retí nǹkan kan níbẹ̀. A lè pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí kọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ JAMB, 2,500 náírà ni wọ́n ń gbà fún un, ṣùgbọ́n èyí gbọ́dọ̀ wáyé kí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà tó ti ìforúkọsílẹ̀ post-UTME rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwé mẹ́wàá. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni, láti A1 dé C6. D7 àti E8 kì í ṣe kírẹ́díìtì. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìṣirò náà wà nínú rẹ̀ tipẹ́, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn tó ń lọ fún kọ́ọ̀sì ọnà àti èdè lè wọ yunifásítì láìní kírẹ́díìtì nínú rẹ̀. Mi ò ní gba ọmọ kankan nímọ̀ràn pé kó torí èyí pa ìwé ìṣirò dé: àwọn sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ ṣì ń béèrè rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yí kọ́ọ̀sì padà lọ́la á tún nílò rẹ̀. Èèmejì ni a lè jókòó fún ìdánwò jù lọ. Ìyẹn ni pé WAEC ọdún yìí lè gba kẹ́mísírì, kí NECO wá gba Gẹ̀ẹ́sì, kí a pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ọ̀sì kan wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, ìṣègùn ló sábà máa ń wà níwájú wọn, tó jẹ́ pé ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́. Ẹ ka ti ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ gan-an, ẹ má fi ti ọmọ ìyá kejì ṣe àpẹẹrẹ.

Ó wá ku ìṣirò tó ń ṣe ìdájọ́. Nínú 100, UNILAG ń fún JAMB ní 50, post-UTME ní 30, ìwé mẹ́wàá ní 20. Ifẹ̀ ń lo 50, 40 àti 10. Ibadan kì í fi máàkì sí ìwé mẹ́wàá ní tirẹ̀: máàkì JAMB ni wọ́n ń pín sí mẹ́jọ, wọ́n á pín ti post-UTME sí méjì, wọ́n á sì ro wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá gba 240 nínú JAMB, tó wá gba 62 nínú post-UTME Ibadan, ó ní 30 àti 31, àròpọ̀ 61.

Ẹ wá wo ti UNILAG dáadáa. A1 jẹ́ máàkì 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún tí kọ́ọ̀sì náà ń béèrè ni wọ́n ń kà, kì í ṣe márùn-ún tó dùn ún wò jù. A1 nínú Yorùbá kò ran ẹni tó ń lọ fún ẹnjiníà lọ́wọ́. Ká ní ọmọ kan gba 264 nínú JAMB: 264 tí a pín sí mẹ́jọ jẹ́ 33. Ó gba 21 nínú post-UTME. Èsì rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì B3, ìṣirò B2, bàọ́lọ́jì A1, kẹ́mísírì B3, físíìsì C4. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 16.8. Ó dúró sórí 70.8. Ọmọ kejì gba JAMB kan náà, post-UTME kan náà, ṣùgbọ́n C6 ló kún inú ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Máàkì 10 péré ló ní níbẹ̀, 64 sì ni gbogbo rẹ̀. Kó tó bá ọmọ àkọ́kọ́ dọ́gba, àfi kó fi 55 kún máàkì JAMB rẹ̀, kó di 319. Láti C6 sí A1 nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó máàkì 16 nínú JAMB. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí bí òbí bá náwó sí lẹ́sìn JAMB oṣù mẹ́ta, tó sì ti jẹ́ kí ọmọ fi WAEC ṣe "ká ṣáà ti kọjá." Ti ibi tí wọ́n ti ń gba owó láti kọ ìdánwò fún ọmọ tilẹ̀ burú jù: WAEC lè dá èsì náà dúró, tàbí kó fagi lé e pátápátá, ọdún kan ti lọ nìyẹn.

Ọmọ tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì. Ibí yìí ni ihò tó ń gbé ọ̀pọ̀ mì wà. Bí èsì bá ti jáde, ọmọ gbọ́dọ̀ padà lọ sí sẹ́ńtà CBT kí wọ́n fi èsì náà sórí ìkànnì JAMB. Ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ tún jẹ́ ibòmíràn, ó ní tirẹ̀. Púpọ̀ ọmọ máa ń fi èsì sórí ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan, wọ́n á ní àwọn ti parí. Àmọ́ CAPS, ètò JAMB tí gbogbo ìgbaniwọlé ń gbà kọjá láti ọdún 2017, kò rí èsì kankan, kò sì sí bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè gbé orúkọ ọmọ tí kò ní èsì síwájú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà ṣe ẹ̀rí. Ẹ wọ ojú ìwé CAPS ọmọ náà lórí fóònù, ẹ yí búráúsà sí "Desktop site", nítorí láìṣe bẹ́ẹ̀ àwọn àkọlé apá òsì kì í sábà hàn, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ O'level sí, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí gírédì kọ̀ọ̀kan. Bí ìjókòó méjì bá wà, ẹ rí i pé méjèèjì wà níbẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn ìdánwò kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè 180 ni: 60 Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù, wákàtí méjì sì ni fún gbogbo rẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Mẹ́wàá nínú ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá láti inú ìwé ìtàn tí JAMB yàn, ẹni tó bá ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mejì kò ní sọ wọ́n nù. Ọmọ tí kò mọ máòsì lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo rẹ̀: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí ìpinnu S padà.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbani, CAPS ni kí ẹ máa wò. Bí ìgbaniwọlé bá dé, "Accept" àti "Reject" máa hàn. Ẹni tó bá fi ìkánjú tẹ "Reject" ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi nù. Nígbà mìíràn, ilé-ẹ̀kọ́ á fẹ́ gbé ọmọ lọ sí kọ́ọ̀sì mìíràn tí àròpọ̀ rẹ̀ tó, ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lórí CAPS kí ó tó wáyé. Àwọn tó bá gbà, wọ́n á tẹ lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB jáde, 1,000 náírà ni wọ́n ń san fún un. Ẹ má fún aṣojú kankan ní páásíwọ́ọ̀dù, bó ti wù kó sọ̀rọ̀ dùn tó.

Káàdì ìwo-èsì WAEC, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á fi han bàbá, á fi han ọ̀rẹ́, ó ti ń tán lọ nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ máa béèrè nọ́ńbà káàdì náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí èsì. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi ìyókù pamọ́ dè wọ́n.