Kilt Àwọn Ọmọ Ogun Kánádà: Ohun Tí Mo Rí ní Halifax àti Toronto

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Halifax, ní ẹkùn Nova Scotia tó wà ní etíkun ìlà-oòrùn Kánádà, ló ní kí n gun òkè Citadel, níbi tí odi ológun àtijọ́ kan wà, lọ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ó ní, "Àbúrò mi, àgbá tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n, ọjọ́ Kérésìmesì nìkan ni kì í dún." Àgbá ni mo torí ẹ̀ lọ lóòótọ́, ó sì dún débi pé ọmọ kékeré kan bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n aṣọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló dá mi dúró títí di ìrọ̀lẹ́.

Òkúta ni wọ́n fi mọ odi náà, ìrísí rẹ̀ dà bí ìràwọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì parí rẹ̀ ní ọdún 1856. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà, kò mira rárá bí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fìlà gíga fíofío tí wọ́n fi ìyẹ́ ògòǹgò dúdú ṣe wà lórí rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù pupa, kilt rẹ̀ (aṣọ oní-pílíìtì tí àwọn ọkùnrin Skọ́tílándì ń ró mọ́ ìbàdí) tó jẹ́ àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé, tí ìlà funfun àti pupa gba inú rẹ̀ kọjá, sì dé orúnkún. Àpò onírun gígùn kọ́ síwájú ìbàdí rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ pupa àti funfun bo ojúgun rẹ̀, aṣọ funfun kan sì tún bo ọrùn bàtà rẹ̀. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí pé irun àgùntàn ni wọ́n fi hun èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́, mo bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá. Ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń fi ìsinmi ṣiṣẹ́ owó. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ojúlówó sójà ni àwọn. Ńṣe ni àwọn ń ṣàfihàn 78th Highlanders, ìyẹn "àwọn ará ìhà òkè Skọ́tílándì", rẹ́jímẹ́ǹtì (ẹgbẹ́ ọmọ ogun) Bìrìtéènì tó gbé nínú odi náà láti 1869 sí 1871. Àwọn babańlá tirẹ̀ wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Amẹ́ríkà wá sí Nova Scotia ní 1783. Mo bi í bóyá kì í ṣe é bí ẹni pé aṣọ aláṣọ ló wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ níbẹ̀ ni a bí sí ìdílé MacKenzie ní Skọ́tílándì, tó ni àwọ̀ náà. Rẹ́jímẹ́ǹtì ló ni aṣọ, ẹni tó bá sì wọ rẹ́jímẹ́ǹtì ni yóò wọ aṣọ.

Bí kilt ṣe dé Kánádà pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun Culloden ní 1746, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn wá láti ìhà òkè Skọ́tílándì, ìjọba London ṣe òfin pé ọkùnrin tàbí ọmọdékùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kíní, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá tún un ṣe, wọ́n á kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún méje. Ọmọ ogun ọba nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Nítorí náà, fún ọdún márùndínlógójì, títí wọ́n fi fagi lé òfin náà ní 1782, inú iṣẹ́ ológun ni ọkùnrin ará òkè ti lè wọ aṣọ baba rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọgbọ́n àrékérekè ni mo ka èyí sí: aṣọ tí wọ́n fi ń dá ọlọ̀tẹ̀ mọ̀ wá di ohun tí ọba fi ń fa àwọn ọmọ ọlọ̀tẹ̀ wọ iṣẹ́ rẹ̀. Simon Fraser, tí wọ́n bẹ́ orí baba rẹ̀ nítorí ọ̀tẹ̀ yẹn, ló kó rẹ́jímẹ́ǹtì kan jọ fún ọba ní 1757, àwọn ọkùnrin rẹ̀ sì jà nínú ogun Quebec ní Kánádà ní 1759. Àwọn náà jẹ́ 78th, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pò wọ́n pọ̀ mọ́ ti Halifax. Nọ́ńbà kan náà ni, rẹ́jímẹ́ǹtì ọ̀tọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tú wọn ká ní 1763, àwọn kan gba ilẹ̀ ní Quebec, wọ́n sì fẹ́ ọmọ àwọn Faransé.

Láti Halifax ni mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Toronto. Lábẹ́ ìjọ St. Andrew's, ní àárín ìlú, ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn 48th Highlanders of Canada wà. Ọdún 1891 ni wọ́n dá rẹ́jímẹ́ǹtì yìí sílẹ̀, tartan (àpẹẹrẹ ìlà àti àwọ̀ tó ń ya ìdílé tàbí rẹ́jímẹ́ǹtì sọ́tọ̀) ti ìdílé Davidson ni wọ́n sì ń wọ̀, kò sì sí ìdí mìíràn ju pé John Davidson ni ọ̀gágun wọn àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣáájú wọn, àwọ̀ mìíràn ni wọn ì bá máa wọ̀ títí dòní. Aládùúgbò wọn, rẹ́jímẹ́ǹtì Toronto Scottish, kò tilẹ̀ ní ìlà kankan nínú kilt tiwọn. Àwọ̀ eérú pátá ni, wọ́n sì jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ London Scottish, rẹ́jímẹ́ǹtì kan ní London, tí ọ̀gá wọn gbà pé aṣọ tí kò hàn lójú jìnnà ló yẹ ẹni tó ń lọ sójú ogun.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, tó ń fi ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀, gbé kilt kan lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ, nítorí pé nǹkan bí yáàdì mẹ́jọ aṣọ ló lè lọ sínú ẹyọ kan, tí wọ́n yóò fi ọwọ́ ká a ní pílíìtì sẹ́yìn. Mo yí i padà wò dáadáa. Nínú ti ológun, ìlà kan náà ni wọ́n máa ń mú wá sójú gbogbo pílíìtì, tó fi jẹ́ pé bí sójà bá ń rìn, ìlà yẹn ni yóò máa yọ tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá ti rí tẹlọ̀ tó mọṣẹ́ ní Ìbàdàn níbi tó ti ń to bátànì léèsì kí ó má bàa ṣẹ́ lójú ìránpọ̀ yóò mọyì irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Mo bi bàbá náà bóyá ará Skọ́tílándì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ní rárá o, ará Pọtogí ni wọ́n.

Kò sí ìgbéraga púpọ̀ nínú ohun tó sọ nípa Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn 48th ló pọ̀ jù nínú bàtálíọ̀nù 15th, tí àwọn ará Jámánì tú gáàsì olóró sí ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Wọ́n ń fi aṣọ kákì bo iwájú kilt kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa tú wọn fó, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn, kòkòrò iná aṣọ ń bí sínú pílíìtì, etí rẹ̀ tó bá sì tutù di yìnyín a máa gé awọ ẹ̀yìn orúnkún. Lójú tèmi, ẹ̀wà lásán kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bàtálíọ̀nù 16th tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríṣi tartan mẹ́rin, nítorí pé rẹ́jímẹ́ǹtì mẹ́rin ló pèsè àwọn ọkùnrin rẹ̀, kí wọ́n tó wọ kilt kákì kan náà. Nígbà tí ogun kejì dé, ṣòkòtò ni wọ́n wọ̀ jà.

Ní 1968, ìjọba Kánádà pa ẹgbẹ́ ológun orí ilẹ̀, ti omi àti ti òfuurufú pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn máa wọ ẹ̀wù àwọ̀ ewé kan náà. Àwọn Highlander gba ẹ̀wù tuntun náà, wọ́n gé etí rẹ̀ níwájú kí àpò onírun lè ráyè, wọ́n sì wọ̀ ọ́ lé kilt wọn. Lónìí, aṣọ ogun wọn kò yàtọ̀ sí ti sójà Kánádà yòókù. Ibi ìyíde àti ayẹyẹ ni kilt wà fún, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú pàápàá ti ní tartan tiwọn láti ọdún 1942, búlúù sánmà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn Black Watch, rẹ́jímẹ́ǹtì Highlander mìíràn, tí ìyẹ́ pupa máa ń wà nínú fìlà wọn, Montreal ni kí ó lọ. Ilé ìkó-ohun-ìjà-sí wọn wà ní òpópónà Bleury.